Amúgbòǹgbòyọ: Bí Ẹ̀ka Tí A Gé Ṣe Ń Di Igi

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa yìí, oríkì iṣu, ìjálá àti òwe ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń dá lé lórí. Kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan pé n ó kọ àròkọ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa nípa oògùn tí ó ń mú kí ẹ̀ka igi ta gbòǹgbò, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n lọ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, kí n sì gbé e fún àwọn ọmọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ìṣirò. Bí ọmọdé bá lè fi Yorùbá gbọ́ ọ, kí ni ó yẹ kí ó di àwa tí a ń gba oyè lórí èdè náà lọ́wọ́?

Gígé igi gbìn kì í tilẹ̀ ṣe ohun àjèjì sí wa. Ta ni ó ń gbin hóró ẹ̀gẹ́? Igi rẹ̀ ni a ń ṣá, tí a ń rì mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe ìrèké, bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe ewúro ẹ̀yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìtàkùn ọ̀dùnkún. Pèrègún tí àwọn baba wa fi ń pa ààlà oko, ẹ̀ka tí wọ́n ṣá ni wọ́n rì sílẹ̀. Akòko àti ìyeyè, ẹni tí ó bá fi wọ́n ṣe òpó ọgbà yóò pa dà wá bá a pé òpó ti rúwé. Gbogbo wa ni a mọ ipò tí pèrègún wà nínú ọfọ̀. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pe igi náà sínú ọ̀rọ̀ ẹ̀mí gígùn ti rí i níbi tí wọ́n jù ú sí lẹ́yìn ilé, tí ó sì hù.

Wàyí o, ẹ gé ẹ̀ka obì, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ bí ẹ ti rì pèrègún. Kò ní pẹ́ tí ewé rẹ̀ yóò fi rọ, tí yóò gbẹ, tí ìdí rẹ̀ yóò sì jẹrà. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí?

Bí ẹ bá wo oríkèé ìrèké dáadáa, ẹ ó rí àwọn àmì kéékèèké tí ó tò yí i ká. Ọmọ gbòǹgbò ni wọ́n, wọ́n ti wà níbẹ̀ kí a tó gé e. Ọ̀rinrin ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń dúró dè. Ẹ̀ka obì kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ìpamọ́. Ohun tí ó wà lábẹ́ èèpo rẹ̀ ni ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó máa ń yọ̀ bọ̀rọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá bó èèpo igi tútù. Ibẹ̀ ni igi ti ń sanra. Bí ẹ̀ka tí a gé yóò bá yè, àfi kí díẹ̀ nínú àwọn ohun alààyè tí ó wà ní ìpele yìí pa iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ tì, kí wọ́n máa pín sí méjì, kí wọ́n sì di gbòǹgbò. Iṣẹ́ yìí gba àkókò. Ẹ̀ka náà kò sì ní ẹnu tí ó fi ń mu omi mọ́, nígbà tí ewé rẹ̀ ń tú omi sí afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́. Eré àsáré-ìje ni láàárín gbòǹgbò àti òùngbẹ. Lára obì, òùngbẹ ni ó sábà máa ń borí.

Oògùn tí mo ń sọ yìí ń ran gbòǹgbò lọ́wọ́ nínú eré ìje náà. Kì í ṣe ajílẹ̀. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo bá sọ̀rọ̀ ni ó rò pé oúnjẹ ni a ń fún igi. Kò sí oúnjẹ kankan nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ni ó ń jẹ́.

Àwa ni ó yẹ kí èyí tètè yé, nítorí pé a mọ àrokò. Ọba tí ó di ẹyọ owó ránṣẹ́ kò fi owó náà bọ́ ẹni tí ó rán an sí. Ohun tí ẹyọ náà wí ni ó ṣe pàtàkì. Ní orí igi, nínú ọ̀mùnú àti àwọn ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, igi a máa ṣe èròjà kan tí ó ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ lábẹ́ èèpo. Àwọn òyìnbó fi èdè Gíríìkì sọ ọ́ ní auxin, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ‘dàgbà’. Nígbà tí a bá gé ẹ̀ka, àrokò náà ṣì ń bọ̀ láti òkè, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti já. Ó kó ara rẹ̀ jọ sí ojú ibi tí a gé. Ìkójọ yìí gan-an ni ó ń sọ fún ìdí ẹ̀ka náà pé, ‘Ilẹ̀ ti dé, ta gbòǹgbò.’ Lára pèrègún, èyí tí ó ń ti òkè wá tó. Lára obì, kò tó, tàbí kí ó pẹ́ kí ó tó tó. A wá ń fi ọwọ́ ara wa kún un.

Bí wọ́n ṣe mọ ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́. Ní nǹkan bí 1880, Julius Sachs, onímọ̀ nípa ewéko ní ilẹ̀ Jámánì, ti ń sọ pé ewé ní ohun kan tí ó ń rán lọ sísàlẹ̀ láti fi ṣe gbòǹgbò. Ní 1880 kan náà ni Charles Darwin àti ọmọ rẹ̀, Francis, tẹ ìwé jáde tí wọ́n fi hàn nínú rẹ̀ pé bí a bá dé fìlà sí orí ọmọ koríko tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, kò ní tẹ̀ sí apá ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà mọ́. Orí ni ó rí ìmọ́lẹ̀, ara ìsàlẹ̀ ni ó tẹ̀. Nǹkan kan ti ní láti gba àárín wọn kọjá. Ní 1926, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Frits Went ní ìlú Utrecht ní Họ́láńdì gé orí àwọn ọmọ ọkà kan, ó tò wọ́n sórí ohun kan tí ó dì bí ẹ̀kọ tútù. Lẹ́yìn èyí, ó kó àwọn orí náà dànù, ó gé ‘ẹ̀kọ’ yìí wẹ́wẹ́, ó sì gbé e lé ẹ̀gbẹ́ kan lórí kùkùté àwọn ọmọ ọkà náà. Kùkùté tí kò lórí bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, ó sì ń tẹ̀! Àrokò náà ti wọ inú ẹ̀kọ. Ó ti di ohun tí a lè fi ọwọ́ gbé.

Ní ìlú Utrecht yìí náà ni Fritz Kögl àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti rí irú èròjà yìí yọ ní 1934. Inú kí ni ẹ rò pé wọ́n ti rí i? Inú ìtọ̀ ènìyàn ni. (Àwọn àgbà wa tí ń fi ìtọ̀ po oògùn ì bá rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò sọ pé ohun kan náà ni wọ́n ń wá.) Ní 1935, Kenneth Thimann àti Koepfli ní Amẹ́ríkà fi hàn pé èròjà náà tí a fi ọwọ́ ṣe ní ilé àyẹ̀wò ń mú gbòǹgbò yọ lára ẹ̀ka. Ní ọdún kan náà, Zimmerman àti Wilcoxon ní Boyce Thompson Institute ní ìpínlẹ̀ New York rí àwọn ìbátan rẹ̀ méjì tí wọ́n gbó ju òun alára lọ: orúkọ wọn ní ìkékúrú ni IBA àti NAA. Auxin tí igi fúnra rẹ̀ ń ṣe jù lọ tètè máa ń bàjẹ́ lójú oòrùn àti nínú igi. IBA kò tètè bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ páúdà tí wọ́n ń tà títí di òní.

Kí ni kí a wá pè é? Àwọn kan nínú wa ti ń sọ pé ‘oògùn gbòǹgbò’. N kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè rò pé oògùn tí a fi gbòǹgbò ṣe ni, irú èyí tí àwọn elégbòogi ń tà. ‘Amúgbòǹgbòyọ’ ni mo fara mọ́. Mọ́fíìmù ìbẹ̀rẹ̀ ‘a-’ ni a fi kún àpólà-ìṣe ‘mú gbòǹgbò yọ’, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣẹ̀dá ‘apẹja’ àti ‘amúṣẹ́ṣe’. Ẹni tí kò rí i rí yóò mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ó gùn díẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ sí létí kò bi mí léèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í ṣe.

Ẹ̀ka tí a ó gé ṣe kókó ju páúdà lọ. Ẹ̀ka igi àgbà kì í fẹ́ ta gbòǹgbò mọ́. Èyí tí ó bá yọ láti ara kùkùté igi kan náà ni ó máa ń ta á, nítorí pé ìwà èwe ṣì wà lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní igi obì arúgbó tí ó fẹ́ràn, kí ó kọ́kọ́ bẹ́ ẹ̀ka ńlá kan tàbí méjì lára rẹ̀ lulẹ̀, kí ó sì dúró de ọmọ ẹ̀ka tí yóò yọ. Èyí tí kò rọ̀ bí ọ̀mùnú, tí kò sì tíì gan bí igi ìdáná, ni ó dára. Àárọ̀ kùtù ni kí a gé e, nígbà tí omi ṣì kún inú rẹ̀. Kí ọ̀bẹ mú, kí ó sì mọ́. A ó gé e ní ìsàlẹ̀ oríkèé gẹ́ẹ́, a ó bọ́ ewé ìsàlẹ̀ kúrò, a ó sì gé ewé òkè sí ìdajì. Ẹ má ṣe bọ́ gbogbo ewé dànù bí a ti ń ṣe igi ẹ̀gẹ́ o! Ewé ni ó ń ṣe oúnjẹ tí gbòǹgbò yóò fi yọ, láti ara rẹ̀ náà sì ni àrokò ti ń wá. Ìdajì ni a fi ń bu owó fún òùngbẹ.

Ìwọ̀n oògùn náà ńkọ́? Ẹ rántí àrokò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹyọ mẹ́fà tí olólùfẹ́ kan fi ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni tí ó fi ránṣẹ́ sí. Bí ó bá di mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ ti yí pa dà, wọ́n ti jọ gbà nìyẹn. Iye ni ó ń sọ ìtumọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni IBA. Fún ẹ̀ka tí ó rọ̀, gíráàmù 1 nínú gíráàmù 1,000 páúdà ti tó. Fún èyí tí kò rọ̀ tí kò sì le, wọ́n ń lo nǹkan bíi gíráàmù 3. Èyí tí ó le koránkorán lè gbà tó 8. Bí ó bá jẹ́ olómi ni, gíráàmù 1 nínú lítà 1 ni ohun tí àwọn ìwé ń pè ní 1,000 ppm, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré ni a ó sì fi ki ìdí ẹ̀ka bọ̀ ọ́. IBA kì í fẹ́ yòrò nínú omi lásán. Inú ethanol ni a ti ń kọ́kọ́ yọ́ ọ kí a tó fi omi là á. Bí ó bá pọ̀ jù, ìdí ẹ̀ka yóò dúdú, yóò sì kú. Kí ẹ má rò pé àsọdùn ni mo ń sọ, ẹ wo oògùn apakoríko tí wọ́n ń pè ní 2,4-D, tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko àgbàdo. Ìdílé auxin ni òun náà ti wá. Àrokò kan náà ni, tí a fi pariwo sí koríko létí títí ó fi kú. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ èyí tán kí ó lọ fi apakoríko ra ìdí ẹ̀ka.

Bí páúdà ni a bá ń lò, díẹ̀ ni kí a dà sínú àwo, kí a ti ìdí ẹ̀ka bọ̀ ọ́, kí a gbọn èyí tí ó pọ̀ jù dànù. Ẹ má ṣe ti ẹ̀ka tútù bọ inú agolo, nítorí pé ọ̀rinrin ń ba ìyókù jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má ṣe dá èyí tí ó kù nínú àwo pa dà. Ibi tútù tí oòrùn kò dé ni kí ó máa gbé. Mo ti rí i ní ọjà kan tí wọ́n tò ó sójú oòrùn láti àárọ̀ di alẹ́, agolo kò ní ọjọ́ kankan lára, ọlọ́jà sì ń búra pé ojúlówó ni. Ó lè jẹ́ ojúlówó ní ọjọ́ tí ó kúrò ní ilé iṣẹ́. Àwọn kan ń lo omi àgbọn dípò rẹ̀. N kò ní bú wọn: auxin wà nínú omi àgbọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn èròjà mìíràn tí ń rọ ọ̀mùnú láti yọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìwọ̀n wọn kò sì dọ́gba láti orí àgbọn kan sí èkejì. Oyin ní tirẹ̀ lè pa kòkòrò àìfojúrí ojú ọgbẹ́ igi. Kì í ṣe amúgbòǹgbòyọ.

Kí a tó rì í, ọ̀pá la ó fi dá ihò sínú yanrìn, kí yanrìn má baà ha páúdà dànù. Yanrìn odò tí a fọ̀ dára; kí omi lè máa gba inú rẹ̀ kọjá ni a ń fẹ́. Abẹ́ ìbòòji ni kí ó wà, kí a sì fi ọ̀rá funfun tí ó mọ́ gaara bò ó bí àgọ́, kí òógùn ilẹ̀ má lè jáde. Roger Leakey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé irú àpótí bẹ́ẹ̀ ní 1990: òkúta àti omi wà nísàlẹ̀, yanrìn wà lókè, ọ̀rá bo gbogbo rẹ̀, kò béèrè iná mànàmáná tàbí omi ẹ̀rọ. Láìsí ọ̀rá àti ìbòòji, gbogbo páúdà ayé kò lè gba ẹ̀ka obì là. Ó wá ku sùúrù. Oṣù ni a fi ń ka ti obì, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Bí ìdí rẹ̀ bá kọ́kọ́ wú funfun, kì í ṣe gbòǹgbò nìyẹn. Ojú ọgbẹ́ ni ó ń jinná.

Gbogbo wàhálà yìí nítorí kí ni, nígbà tí obì ń hù bí a bá gbin hóró rẹ̀? Nítorí pé ọmọ kì í jọ ìyá tán. Igi tí ó ń so wọ̀ǹtìwọnti, hóró rẹ̀ lè hu igi ọ̀lẹ, ó sì lè tó ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ẹni tí ó gbìn ín tó mọ̀. Ẹ̀ka tí a gé ní tirẹ̀, igi ìyá gan-an ni, kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Ó sì máa ń tètè so. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1964, èyí tí ó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ nítòsí Ìbàdàn, fi ti ṣiṣẹ́ lórí gígé ẹ̀ka obì gbìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí nítorí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí oko obì gbànja rẹ̀ wà ní ẹ̀bá Ṣàgámù. Igi kan wà nínú oko náà tí gbogbo wa mọ̀. Nínú owó rẹ̀ ni owó ilé-ìwé mi ti ń jáde. Ó ti gbó, ikán sì ti wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Nígbà tí mo gbé páúdà dé, Bàbá wò mí títí. ‘Ìwọ ọmọ yìí, ṣé obì náà ló wá ń mu oògùn báyìí?’ Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ́ ẹ̀ka fún mi. Nínú àwọn tí a rì láìfi nǹkan kan ra ìdí wọn, díẹ̀ ni ó yè. Àwọn tí a fi páúdà ra, èyí tí ó ju ìdajì lọ ni ó yọ gbòǹgbò funfun bí òwú. Inú Bàbá dùn dé bi pé wọ́n ní àwọn yóò fi igi yìí nìkan kún ilẹ̀ tuntun tí wọ́n ṣán lẹ́yìn odò.

Níbẹ̀ ni èmi ti ní láti sọ ohun tí kò dùn mọ́ wọn nínú. Òdòdó obì kì í sábà gba lẹ́búlẹ́bú tí ó bá ti ara igi òun fúnra rẹ̀ wá. Ti igi mìíràn ni ó ń fẹ́, àwọn igi méjì kan tilẹ̀ wà tí wọn kì í gba ara wọn. Bí a bá gé ọgọ́rùn-ún ẹ̀ka lára igi kan gbìn, igi kan ṣoṣo ni a gbìn, ó kàn dúró sí ọgọ́rùn-ún ojú ibi ni. Yóò rúwé, yóò tanná, kò ní so dáadáa. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, ‘Òótọ́ ni. Èyí tí ó dá dúró ní oko baba wa láyé àtijọ́, kò so rí. A ní wọ́n fi í bú ni.’

Láti ìgbà náà ni a ti ń bẹ àwọn olóko tí ó múlé tì wá fún ẹ̀ka. Ẹnìkan gba ìgò ọtí kan kí ó tó fún wa. Ẹlòmíràn kọ̀ jálẹ̀; ó ní ẹni tí ó bá gbé igi òun lọ, oríire òun ni ó gbé lọ. Nígbà tí mo ń kọ èyí, igi márùn-ún ni a ti rí gé, pẹ̀lú ti Bàbá. Ọ̀dà oríṣi márùn-ún ni mo fi sàmì sí ara àwọn ọ̀rá tí wọ́n wà, wọ́n wà lábẹ́ ìbòòji, a sì ti ń ṣí ọ̀rá orí wọn díẹ̀díẹ̀ kí ara wọn lè mọ afẹ́fẹ́. Bí òjò bá ti múlẹ̀ ni a ó kó wọn lọ sí ẹ̀yìn odò, a ó sì tò wọ́n ní àdàlú, kí ọlọ́dà pupa má ṣe tẹ̀lé ọlọ́dà pupa.